Kòkòrò inú ike tó ń jẹ ìdin kantíkantí: bí mo ṣe rí Dalotia coriaria

Bí kantíkantí bá ń fò sókè nígbàkigbà tí o bá bomi rin irúgbìn inú ike, ìdin wọn ti wà nísàlẹ̀, wọ́n ń jẹ gbòǹgbò. Ìdin yẹn ni Dalotia coriaria, ọjà tí mò ń sọ yìí, wà fún. Ike kékeré kan ni, vermiculite (òkúta fífúyẹ́ tí wọ́n ń pò mọ́ ilẹ̀ irúgbìn) ló kún inú rẹ̀, àwọn kòkòrò pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, tí gígùn wọn jẹ́ mìlímítà 3 sí 4, sì ń sáré kiri nínú rẹ̀. Mo rà á, ó ṣiṣẹ́, inú mi sì dùn sí i gan-an. Ìwé tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ni kò tó nǹkan.

Ẹ da díẹ̀ sórí àwo funfun, kí ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Ìyẹ́ líle ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú bíi bùbá tí kò dé ìbàdí, ikùn rẹ̀ gbọọrọ wà níta, bí a bá sì fọwọ́ kàn án, á ká ìdí rẹ̀ sókè. Àwọn tó rí i lọ́dọ̀ mi rò pé kò lè fò. Ó ń fò dáadáa o: ìyẹ́ tó fi ń fò ló ká sábẹ́ èyí kúkúrú yẹn. Nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò le gbagidi, ara rẹ̀ ń tẹ̀ síbí tẹ̀ sọ́hùn-ún, ó sì ń wọ inú ihò tóóró láti lépa ìdin. Bí ẹbí Staphylinidae ṣe rí nìyẹn, ẹbí tí ẹ̀yà inú rẹ̀ ti lé ní 60,000. Bí ẹ bá wo orí rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé ìwo méjèèjì hù láàárín ojú, kì í ṣe ní etí iwájú orí bíi ti ọ̀pọ̀ ìbátan rẹ̀. Àmì Aleocharinae nìyẹn, ẹ̀ka tó tóbi jù nínú ẹbí náà.

Àwọn kan sá sẹ́yìn nígbà tí mo ṣí ike náà, wọ́n ní èyí tó máa ń bó ara ènìyàn ni. Paederus nìyẹn, ẹ̀ka mìíràn ni, pupa rúsúrúsú àti dúdú ni ara rẹ̀, bakitéríà tó ń gbé inú rẹ̀ ló sì ń ṣe oró náà. Dalotia kò ní oró yẹn. Tirẹ̀ jẹ́ kẹ́míkà kan tó ń tú jáde láti òkè ikùn láti fi lé èèrà. Irú sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń pò ó: ọ̀kan ń ṣe oró tó dì gbagidi, èkejì ń ṣe òróró tó ń yọ́ ọ kó tó lè ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí irú ọ̀rọ̀ báyìí wà lára ike, kí ọkàn àwọn tó ń rà á lè balẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni orúkọ. Atheta coriaria ni wọ́n ṣì kọ síbẹ̀. Kraatz, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1856, lábẹ́ ìsọ̀rí (genus) tí wọ́n ń pè ní Homalota. Wọ́n wá gbé e sínú Atheta, níbi tí ẹ̀yà ti pọ̀ jaburata, kí wọ́n tó yà á sọ́tọ̀ sí Dalotia. Ẹni tó bá fi orúkọ àtijọ́ wá ìmọ̀ yóò pàdánù ìwádìí tuntun tó dára jù.

Ní ti lílò rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ tú u sílẹ̀, sórí ilẹ̀ tó tutù níwọ̀nba. Á kó wọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí náà ẹ má wá a kiri. Ọmọ rẹ̀ náà ń pa ẹran jẹ bíi ti àgbà, ẹyin àti ìdin kéékèèké ni wọ́n sì ń bá jà jù. Ẹ má fi ike náà pamọ́ pẹ́ o: bí ebi bá pa wọ́n, ara wọn ni wọ́n ń jẹ. Kòkòrò orí ewé kì í ṣe iṣẹ́ wọn.

Màá tún rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí kantíkantí ti bo gbogbo ilé rẹ̀, kó kọ́kọ́ dín omi kù, kí òkè ilẹ̀ gbẹ díẹ̀ láàárín ìbomirin kan sí èkejì, kí kantíkantí náà lè dínkù, lẹ́yìn náà ni kó wá tú u sílẹ̀.