Ìdìmú Ẹ̀rọ Ìtọpasẹ̀ Ẹrù Nínú Ọkọ̀: Ohun Tí Mo Rí Lẹ́yìn Ọdún Kan

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi ọkọ̀ gbé ẹrù lọ fún àwọn tó ni ín. Ẹ̀rọ àfọwọ́mú tí mo fi ń ka àmì ara páálí, tí mo sì fi ń gba ìbuwọ́lù lọ́wọ́ oníbàárà, kì í kúrò lọ́dọ̀ mi láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ó ti pé ọdún kan tí wọ́n ti de ìdìmú onírin, èyí tí àwa awakọ̀ ń pè ní hóódà, mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù mi.

Èyí tí mo lò ṣáájú rẹ̀, rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ni wọ́n fi gbé e ró. Bí oòrùn bá ti mú, rọ́bà náà a tú, ẹ̀rọ a sì já bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi níbi tí mo ti ń wakọ̀ lọ. Mi ò fẹ́ kí awakọ̀ kankan rí irú rẹ̀, nítorí ohun tó bá há sábẹ́ bíréèkì lè gba ẹ̀mí. Bóòtù mẹ́rin ni wọ́n fi de tuntun yìí, ihò rẹ̀ sì bá ìwọ̀n AMPS mu, ìyẹn ètò ihò mẹ́rin tí àlàfo wọn jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 30 ní ẹ̀gbẹ́ kan àti 38 ní ẹ̀gbẹ́ kejì, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe hóódà ń lò. Bí a bá pààrọ̀ ẹ̀rọ lọ́la, a kò ní tún lu dáṣíbọ́ọ̀dù.

Apá gígùn ló bá a wá, ó sì ń gbọ̀n débi pé mi ò lè ka ojú ẹ̀rọ. Ìgbà tí mo fi apá kúkúrú rọ́pò rẹ̀ ni ara rẹ̀ balẹ̀. Mo gbé e jìnnà sí ibi tí àpò afẹ́fẹ́ ìdáàbòbò ti ń yọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ẹnu rẹ̀. Ó fẹ̀ lókè, ó sì ń dín kù bọ̀ nísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ kan ni mo fi ń ti ẹ̀rọ wọlé láìwò ó, ọwọ́ kan náà ni mo sì fi ń fà á yọ, bí mo tilẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ẹnu ọ̀nà tó bá dúró sí ló mọ ohun tí ìyẹn ń gbà lára ọwọ́.

Ibi tó ti dùn mí ni ìgbaná. Ó ń sọ iná ọkọ̀, ìbáà jẹ́ fóòtì 12 tàbí 24, di fóòtì 5 láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n orí àwọn irin kéékèèké tó ń gbé iná wọ inú ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ náà fi gbogbo ara lé. Gbogbo kòtò tí táyà bá bọ́ sí ló ń jẹ́ kí wọ́n fi ara gbo ara. Ní oṣù kẹjọ, àmì ìgbaná ń tàn, síbẹ̀ bátìrì kú ní ọ̀sán gangan, ẹrù sì kù nínú ọkọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ooru ni, nítorí kò yẹ kí bátìrì lítíọ́ọ̀mù máa gba iná nígbà tí ooru rẹ̀ bá ti kọjá 45°C, ṣùgbọ́n nínú òjìji ni hóódà náà wà. Orí irin wọ̀nyẹn ló ti jẹ.

Mo gé rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí abẹ́ ẹ̀rọ kí ó máa gba ìwúwo rẹ̀, kí irin kàn máa fara kàn án lásán, láti ìgbà náà kò tún dá iná dúró. Irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ó ti wà níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí irin náà sì ṣeé yọ pààrọ̀, nítorí bí ó ti wà báyìí, gbogbo ìdìmú ni ènìyàn yóò tún rà.