Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó ẹbí lọ sinmi ní Maldives

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ń múra láti kó ẹbí lọ sinmi ní erékùsù Maldives, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ajẹ́ǹtì kankan lórí WhatsApp tàbí Instagram. Èyí tó léwu jù nínú jìbìtì wọn kì í ṣe ti ayédèrú bébà. Bébà gidi ni wọ́n fi ń lu èèyàn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ọ̀pọ̀ ilé ìtura ló fàyè gbà á pé kí èèyàn gba yàrá lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì tíì sanwó, kó sì fagi lé e lọ́fẹ̀ẹ́ títí di ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìrìnàjò. Oníjìbìtì á fi orúkọ yín gba yàrá, bébà àti nọ́ńbà rẹ̀ á jáde, á fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ pe ilé ìtura, wọ́n ní òótọ́ ni, orúkọ yín wà níbẹ̀. Ọkàn yín balẹ̀, ẹ sanwó. Kò ní pẹ́ tó fi máa fagi lé yàrá náà. Velana, pápákọ̀ òfurufú ńlá Maldives, lẹ ti máa gbọ́, níbi tí ọmọ ti sùn sí yín léjìká, tí àwọn aṣọ́bodè sì ń béèrè ibi tí ẹ máa dé sí. Wọ́n sì lè dá ẹni tí kò ní yàrá padà.

Nítorí náà, ẹ wo bébà yẹn láti òkè délẹ̀. Tí ẹ bá rí “Pay at property” (ẹ sanwó tí ẹ bá dé ilé ìtura), ẹnikẹ́ni ò tíì san nǹkan kan. Tí ẹ bá rí “Free cancellation” (fífagi lé e lọ́fẹ̀ẹ́), ẹ wo ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: títí ọjọ́ yẹn á fi kọjá, ẹni tó gba yàrá náà lè gba owó yín padà sápò ara rẹ̀. Ẹ wá àdírẹ́sì ímeèlì ilé ìtura náà lórí ìkànnì tiwọn gan-an, ẹ má lo èyí tó wà lórí bébà ajẹ́ǹtì. Ẹ bi wọ́n pé èló ló ti wọlé, ta ló san án, ta ló sì láṣẹ láti fagi lé e. Ẹ tún béèrè lẹ́yìn tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, kí ẹ tó san ìyókù. Èyí tó dára jù ni pé kí ẹ fi káàdì yín sanwó fún ilé ìtura fúnra rẹ̀.

Bákan náà ni ti tíkẹ́ẹ̀tì. Àmì mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní PNR kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì, ó kàn ń fi hàn pé wọ́n di àyè mú ni. Bí àsìkò bá kọjá láì sanwó, àyè náà á pòórá fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì gidi máa ń ní dígíìtì 13. Ti Qatar Airways máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 157, ti Emirates pẹ̀lú 176. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì wọn.

Ibi tí owó ti ń fò sókè lójijì ni láti Velana dé erékùsù tó jìnnà. Wọ́n á ní “gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀”, àmọ́ bàálù tó ń balẹ̀ sórí omi kò sí níbẹ̀, ó sì lè lé ní 400 dọ́là fún àgbàlagbà kan ní àlọ àtàbọ̀. Bàálù yìí kì í fò lálẹ́. Tí bàálù ńlá bá gbé yín dé lẹ́yìn bí agogo mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, ó ṣeé ṣe kí ẹ sùn sí Malé, olú-ìlú wọn, lówó ara yín. Ẹrù 20 kìlógíráàmù àti 5 tọwọ́ ni wọ́n sábà máa ń gbà fún ẹnì kan. Ọkọ̀ ojú omi ìjọba kò wọ́n ní tirẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì.

Owó orí tún wà. Láti oṣù kìíní 2025, Green Tax jẹ́ dọ́là 12 lórí ẹnì kan lálẹ́ kan, 6 ní ilé àlejò tí yàrá rẹ̀ kò ju 50 lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kì í san. Ẹni mẹ́rin, alẹ́ méje, ní dọ́là 12, 336 dọ́là nìyẹn. Ẹ béèrè bóyá ó wà nínú iye tí wọ́n pè fún yín, àti owó orí 17% tó wà lórí yàrá.

Ẹ má sanwó físà fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀fẹ́ ni, 30 ọjọ́, ẹnu ibodè ni wọ́n ti ń fúnni. Fọ́ọ̀mù IMUGA, tí arìnrìnàjò ń kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó wọ Maldives, ọ̀fẹ́ lòun náà, ẹ kọ ọ́ láàárín wákàtí 96 ṣáájú kí ẹ tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Nàìjíríà lọ, ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú, kí ẹ gba káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ Port Health, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ìlera àwọn arìnrìnàjò. Ẹni tó bá ní òun á ta káàdì láì gún yín lábẹ́rẹ́, ẹ sá fún un.

Ẹ béèrè orúkọ erékùsù, kí ẹ wò ó lórí máàpù. Wọ́n máa ń pe Hulhumalé ní ibi ìdákẹ́jẹ́, bẹ́ẹ̀ ìlú ńlá ni, títì ló so ó pọ̀ mọ́ pápákọ̀ òfurufú.

Tí owó bá ti lọ, ẹ pe báǹkì yín lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n kàn sí báǹkì tó gbà á láti dí àkáǹtì oníjìbìtì náà. Ẹ tẹ ìwé ìsanwó àti gbogbo ọ̀rọ̀ WhatsApp jáde, kí ẹ kó wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà gan-an.