Ìkìlọ̀: Táǹkì kúláǹtì onírin tó ń dán gbinrin yẹn, ẹ má sanwó kí ẹ tó rí inú rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ yọ táǹkì kúláǹtì (omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù) oníke tó bá ọkọ̀ yín wá, kí ẹ fi onírin rọ́pò rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹnì kan ń ta táǹkì alumíníọ̀mù kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dán gbinrin, wọ́n tẹ 1.3 bar sórí ìdérí rẹ̀, ìyẹn ni ìwọ̀n prẹ́ṣọ̀ (agbára tí omi fi ń ti táǹkì látinú) tí ìdérí náà yẹ kó dì mú. Ọlọ́jà náà ní òun fúnra òun lòun ya àwòrán bí wọ́n ṣe ṣe é, òun lòun jó irin rẹ̀ pọ̀, òun sì ti dán an wò. Irọ́ gbuu ni.

Mo ra ọ̀kan. Kí n tó gbé e sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, mo rọ omi kún inú rẹ̀, mo sì fi pọ́ǹpù ọwọ́ tí wọ́n fi ń yẹ ràdíétọ̀ wò tẹ prẹ́ṣọ̀ sí i. Kò tíì dé 0.8 bar tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bí òógùn níbi tí wọ́n ti jó ọrùn rẹ̀ mọ́ ọn, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó pẹlẹbẹ sì wú síta. Mo fi sanpépà ha ojú ibẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí wẹ́dà fi sílẹ̀, wọ́n wá dán gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí mo là á sí méjì, irin inú rẹ̀ kò nípọn ju milimítà kan lọ, èérún irin sì wà nísàlẹ̀. Pọ́ǹpù omi àti ràdíétọ̀ ni èérún yẹn ìbá gbà lọ.

Oríṣi táǹkì méjì ló wà, ibẹ̀ sì ni jìbìtì yìí ti ń wọlé. Ọ̀kan wà tó kàn ń gba omi tí ràdíétọ̀ bá pọ̀ jáde. Kò sí prẹ́ṣọ̀ nínú rẹ̀, kódà ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè ṣe é. Èkejì wà lójú ọ̀nà kúláǹtì gan-an, prẹ́ṣọ̀ tó wà nínú ràdíétọ̀ náà ló wà nínú rẹ̀. Prẹ́ṣọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí omi hó ní 100°C: tó bá tó 1 bar, ó di nǹkan bíi 120°C kí omi tó hó. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ táǹkì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, tó gùn ní 20, ẹrù tó tó 300 kílò ló ń tì í látinú ní 1 bar. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń lo alumíníọ̀mù tó nípọn tó milimítà 2 sí 3, tàbí kí wọ́n ṣe é ní róbótó kó má sí ẹ̀gbẹ́ tó máa wú. Ọkùnrin yìí ń ta oríṣi àkọ́kọ́ fún ẹni tó nílò èkejì.

Ọ̀rọ̀ ọrùn rẹ̀ ló bí mi nínú jù. Rọ́bà tó wà nísàlẹ̀ ìdérí gbọ́dọ̀ jókòó sórí etí inú ọrùn kí sípíríǹgì rẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́. Ìdérí tó bá ọrùn ìnṣì kan mu kò bá èyí tó jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìnṣì mu. Tí ọrùn bá jìn jù, rọ́bà kò ní kanlẹ̀, prẹ́ṣọ̀ kò ní dúró, kúláǹtì á tètè hó. Tí kò bá jìn tó, sípíríǹgì á há ju bó ṣe yẹ lọ, prẹ́ṣọ̀ á pọ̀ jù kí ìdérí tó tú u sílẹ̀, ó lè jẹ́ ọ́òsì tàbí ràdíétọ̀ ló máa kọ́kọ́ bẹ́. Nínú èyí tí mo rà, rọ́bà kò kan nǹkan kan rárá. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sórí ìdérí wà lásán ni.

Irin kì í sì í ṣe ike tí ẹ lè wò látìta kí ẹ mọ ibi tí omi dé. Táǹkì yìí kò ní gíláàsì tí ẹ lè fi wò ó, kò ní ààyè sẹ́ńsọ̀. Tí omi bá sì ti gbẹ kúrò lára sẹ́ńsọ̀ ooru ẹ́ńjìnnì, géèjì lè máa sọ pé kò gbóná nígbà tí tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì (èyí tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) ti ń jó lọ.

Ẹ ní kí ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín ya fọ́tò inú rẹ̀ látẹnu ọrùn. Kó ṣe fídíò pọ́ǹpù àti géèjì rẹ̀, kí omi kún inú táǹkì, kí prẹ́ṣọ̀ ju ti ìdérí lọ dáadáa, kó sì dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìjábọ̀. Ẹ wo ẹnu ibi tí ọ́òsì ń wọ̀: ó yẹ kó ní etí tó yọ díẹ̀, tí kò ní jẹ́ kí ọ́òsì yọ́ bọ́. Nígbà tí mo béèrè èyí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní gbogbo ọkọ̀ ló bá mu, kí n sanwó tààrà sí àkáǹtì òun tí mo bá tún fẹ́ òmíràn. Mo ní kó dá owó mi padà, ló bá dí ọ̀nà tí mo fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti so irú rẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ẹ má wà á jìnnà mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kan ìdérí, torí omi tó wà lábẹ́ prẹ́ṣọ̀ máa ń tú jáde pẹ̀lú ooru tó ń bó ni lára. Ẹ dá ti oníke yín padà sáyè rẹ̀ tí kò bá tíì sán, kí ẹ sì jẹ́ kí mẹkáníìkì fi omi ṣan ràdíétọ̀ nítorí èérún irin.