Ọdún Méje Pẹ̀lú Fiat 131 ní Iléṣà: Ẹ Ṣí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ká Rí I

Lọ́dún 2018 ni mo ra ọkọ̀ Fiat 131 Supermirafiori tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, lọ́wọ́ opó kan ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ní 280,000 náírà. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń kó kòkó sí bí òjò bá ṣú. Nọ́ńbà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ṣì wà lára rẹ̀, torí pé wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ lọ́dún 1991. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, adìyẹ kan wà lórí àga tó ń sàba, kò sì dìde fún mi. Màmá ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kó pa ọmọ rẹ̀ ná, kò ní ju ọjọ́ mẹ́fà lọ." Ọjọ́ kẹjọ ni mo padà lọ wọ́ ọ wá sí Iléṣà.

Láti ìgbà tí mo ti ń gbé e jáde nígbà ọdún Ìwúdè àti níbi ìpàdé àwa tí a fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́, ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn ń bi mí: ṣé kí àwọn náà wá irú rẹ̀ rà? Èsì mi gùn ju èyí tí ènìyàn lè dúró sọ lẹ́bàá títì, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ẹ ó máa gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ni ẹ ń wá, ẹ ra Corolla, kí ẹ má wulẹ̀ ka èyí tó kù.

Ìlú Turin ní Ítálì, níbi tí wọ́n ti dá Fiat sílẹ̀ lọ́dún 1899, ni ọkọ̀ yìí ti wá. Ọdún 1974 ni Fiat 131 jáde, wọ́n sì fi orúkọ Mirafiori pè é, ìyẹn àdúgbò kan ní Turin tí wọ́n ti ṣí ilé-iṣẹ́ ńlá kan lọ́dún 1939. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lọ́dún 1978 ni Supermirafiori dé, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ní ọ̀pá káàmù méjì lórí, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí àwọn fáàfù, ilẹ̀kùn kéékèèké tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà wọlé jáde nínú ẹ́ńjìnnì. Aurelio Lampredi ló ya ẹ́ńjìnnì yẹn, ẹni tó ti ṣe ẹ́ńjìnnì fún Ferrari kó tó wá sí Fiat, ohun tó sì ń jẹ́ kí àwa tí a ní in máa gbé àyà sókè díẹ̀ níwájú àwọn oní-Datsun nìyẹn. Abúrò rẹ̀ tó ń sáré rálì, Fiat 131 Abarth, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lọ́dún 1977, 1978 àti 1980. Tèmi kì í ṣe Abarth o. Ẹ́ńjìnnì tèmi jẹ́ 1585 cc, ó ní jíà márùn-ún, táyà ẹ̀yìn ló sì ń yí.

Wíwà rẹ̀ dùn. Sítíárìn rẹ̀ wúwo bí ọmọ ọlọ bí ẹ bá fẹ́ páàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Atákúnmọ́sà, ṣùgbọ́n gbàrà tí ẹ bá ti jáde nílùú, tí ẹ kọrí sí ọ̀nà Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà níbi tí òkè àti kọ́nà ti pọ̀, gbogbo ìwúwo yẹn á pòórá, ọkọ̀ náà á sì máa lọ síbi tí ojú yín bá ti lọ. Bí ẹ bá ń rọra tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa nínú jíà kẹta, ohùn rẹ̀ á là, ẹ ó sì mọ ìdí tí ẹ fi ná owó yín. Kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ti là, bíréékì rẹ̀ kò burú. Lítà kan ń gbé e rìn tó kìlómítà 9 sí 10. Nígbà tí mo rà á, 145 náírà ni lítà epo kan. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, n kì í tan án láìnídìí.

Ara rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Irin ọkọ̀ Ítálì ìgbà náà máa ń tètè dógùn-ún, òjò ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò sì mọ àlejò. Bí ẹ bá ń yẹ irú rẹ̀ wò, ẹ gbé táyà àfipamọ́ tó wà nínú búùtù kúrò, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ra ìsàlẹ̀ àwọn ilẹ̀kùn àti etí gíláàsì iwájú. Èmi kò mọ̀ nígbà náà. Nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì bítà fi òòlù kan ibi tí dírẹ́bà ń gbé ẹsẹ̀ lé, òòlù náà wọlé lọ, ilẹ̀ ọgbà ló bá a dúró. Oṣù méjì ni wẹ́dà fi jó irin tuntun sí abẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀ sì ju owó tí mo fi ra ọkọ̀ lọ.

Ohun tó fẹ́ mú kí n kọ̀ ọ́ sílẹ̀ kọ́ nìyẹn ṣá. Ní ìparí ọdún 2019, mo ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ọ̀nà tí kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Mo ti kọjá Òṣú díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Kò ké, kò rú èéfín, ó kàn dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá mú iná. Bẹ́ẹ̀tì ló já. Ẹ́ńjìnnì Lampredi yìí kì í lo ṣéènì láti yí ọ̀pá káàmù, bẹ́ẹ̀tì onírọ́bà eléyín ló ń lò, bí bẹ́ẹ̀tì náà bá sì já nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, àwọn fáàfù tó ṣí sílẹ̀ á dúró síbi tí wọ́n wà, písítìnnì á sì gòkè wá bá wọn níbẹ̀, á tẹ̀ wọ́n. Ẹ̀bi mi ni. Mo ti pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, bátìrì àti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọjú wo bẹ́ẹ̀tì náà, ó dúdú, ó ń dán, mo sì ní kó máa wà níbẹ̀. Rọ́bà tó ti jókòó ju ọdún mọ́kànlá lọ kì í fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn lójú. Ní báyìí, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni mo ń pààrọ̀ rẹ̀, ì báà ṣe pé ọkọ̀ rìn tàbí kò rìn, mo sì ń bẹ gbogbo ẹni tó bá ra irú rẹ̀ pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó tan án fún ìgbà àkọ́kọ́.

Mẹkáníìkì mi tú orí ẹ́ńjìnnì náà, ó yọ fáàfù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó sì ń fi wọ́n yí lọ́kọ̀ọ̀kan lórí gíláàsì fèrèsé kan tó tẹ́ sórí bẹ́ǹṣì. Èyí tó bá tọ́ á yí lọ gbẹrẹgẹ́dẹ́. Èyí tó bá ti tẹ̀, orí rẹ̀ á máa jù bí ti ẹni tí oorun ń kùn. Mẹ́fà ló ń jù. Ó nu ọwọ́, ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká bá a wá ẹ́ńjìnnì Toyota. Ọjọ́ mẹ́ta péré, ẹ ti gbé e lọ." Òótọ́ ló sọ. Ìdajì owó tí mo ná lẹ́yìn náà ni ìbá gbà mí, ó sì ṣeé ṣe kí n má tún rí i dúró lójú títì mọ́. Mo sùn sórí ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ kan kí n tó padà lọ sọ fún un pé rárá.

Oṣù mẹ́jọ ni ọkọ̀ náà fi wà lórí búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí fáàfù tuntun dé, a rí i pé iṣẹ́ ṣì kù, nítorí pé ẹ́ńjìnnì yìí kì í lo ìdè tí a ń fi sípánà yí láti fi tún àlàfo fáàfù ṣe, ìyẹn àyè kékeré tó yẹ kó wà láàárín káàmù àti fáàfù. Irin pẹlẹbẹ roboto kan, tó dà bí owó kọ́bọ̀, ló máa ń wà láàárín káàmù àti fáàfù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ bó ṣe nípọn tó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí àlàfo bá ti fẹ̀ jù tàbí tó ha jù, ẹ ó yọ irin yẹn, ẹ ó sì fi èyí tó nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí tó fẹ́lẹ́ jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Irinṣẹ́ pàtàkì kan wà tí wọ́n fi ń tẹ fáàfù mọ́lẹ̀ láti yọ ọ́. A kò ní in. Mẹkáníìkì mi gé ewé sípíríǹgì Peugeot àtijọ́ kan, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi bá ibẹ̀ mu, ó tẹ fáàfù mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òróró ti lẹ irin kékeré náà mọ́ ibi tó wà. Ìgbà tí a gbé orí ẹ́ńjìnnì náà lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà tó wà níkọjá títì, tí ó fi afẹ́fẹ́ tó fi ń fẹ́ táyà sí ojú àlàfo náà, ni irin náà tó ta jáde fiiri, bí ẹ̀kùrọ́ ṣe ń ta lábẹ́ òkúta. Odindi ìrọ̀lẹ́ ni a fi ń ta wọ́n jáde, tí a ń ka nọ́ńbà wọn, tí a ń pààrọ̀ wọn fún ara wọn, àwọn ọmọdé àdúgbò sì ń bá wa ṣa àwọn tó bá bọ́ sí ilẹ̀. N kò tíì gbádùn ìrọ̀lẹ́ kan nídìí ọkọ̀ yìí tó ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ páàtì kò burú tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń rò ó, bí ẹ bá ti mọ ibi tí ẹ ó wò. Fiat ò ṣe 131 mọ́ ní Ítálì lẹ́yìn ọdún 1984, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Tofaş ní Túrkì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́dún 1977, kò dáwọ́ dúró títí di ọdún 2002, lábẹ́ orúkọ bíi Şahin àti Doğan. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ohun tó jẹ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, bíi búṣì, ṣì wà lọ́jà Istanbul, àwọn oníṣòwò wa tó ń lọ kó aṣọ níbẹ̀ sì lè fi sínú ẹrù yín. Ti ẹ́ńjìnnì yàtọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ra Fiat 124 Spider lọ́pọ̀lọpọ̀, ìdílé ẹ́ńjìnnì Lampredi kan náà ló sì wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni bẹ́ẹ̀tì àti fáàfù mi fi jẹ́ láti ọ̀dọ̀ àbúrò mi tó wà níbẹ̀. Ìgbà kan wà tí mo sanwó fún oníṣòwò kan ní Èkó fún pọ́ǹpù omi "ojúlówó 131". Ti ọkọ̀ mìíràn ló fi ránṣẹ́, kò sì gbé ìpè mi mọ́ títí dòní.

Ìpàdé wa kò ní orúkọ, kò ní alága. Ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún la máa ń kó ọkọ̀ jáde, nígbà mìíràn ní Ilé-Ifẹ̀, nígbà mìíràn ní Iléṣà, pàápàá jù lọ ní oṣù Kejìlá tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà bá ti ti ìdálẹ̀ dé fún Ìwúdè. Mercedes àti Peugeot 504 ló pọ̀ jù, Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá tẹ̀lé wọn. Àwa tí ọkọ̀ wa ti Ítálì wá kò ju mẹ́rin lọ. Fiat 124 kan wà tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, nítorí wọ́n rà á kí Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lápá ọ̀tún títì ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972. Fiat 132 kan wà. Dókítà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ifẹ̀ ní Alfa Romeo Alfetta, tí àpótí jíà rẹ̀ wà lẹ́yìn lọ́dọ̀ọ̀ táyà, tí wọ́n sì fi orúkọ ọkọ̀ eré-ìje tí Farina àti Fangio fi di ọ̀gá àgbáyé lọ́dún 1950 àti 1951 sọ lórúkọ. Àwọn oní-504 ń pè wá ní "ẹgbẹ́ oní-sùpàgẹ́ẹ̀tì". Mo máa ń rán wọn létí pé Pininfarina ti Turin ló ya ọkọ̀ tí wọ́n fi ń yangàn yẹn, wọn kì í sì í dáhùn.

Níbi ìpàdé yìí, ọ̀dà dídán kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ ó páàkì, ẹ ó kí ara yín, wọ́n á yí ọkọ̀ yín po lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ni àgbàlagbà kan á ní, "Ẹ ṣí i ká rí i." Ọ̀gá tó ni Fiat 132 kì í ṣí tirẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì 504 ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, èmi gan-an kò sì ní ẹnu rẹ̀, nítorí ó ń gbé tirẹ̀ lọ sí Èkó kó tó di ọ̀sán, èmi sì rèé tí mo ń gbàdúrà kí n tó forí lé Òṣogbo. Síbẹ̀, mo ti rí i bó ṣe ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ tó wà ní pípadé. Ní tèmi o, ọkọ̀ Ítálì tí wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti di aṣọ tí ẹlòmíràn wọ̀. Dókítà kò gbà pẹ̀lú mi. Ó ní ọkọ̀ tó ń rìn sàn ju èyí tó wà lórí búlọ́ọ̀kù lọ, a sì ti jiyàn ọ̀rọ̀ yìí ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ.

Ẹnì kan láti Àkúrẹ́ ti fi mílíọ̀nù mẹ́rin náírà lọ̀ mí. Bí mo bá ro owó wẹ́dà, ọ̀dà, fáàfù àti ẹrù láti òkè òkun pọ̀, èmi ni n ó pàdánù. Ní Ìwúdè tó kọjá, mo ti páàkì lọ́nà ààfin Ọwá nígbà tí mẹkáníìkì mi dé, pẹ̀lú agbádá. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni béèrè; ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ó sì ń sọ fún àwọn tó péjọ pé nígbà tí bẹ́ẹ̀tì já, àwọn ènìyàn ní kí tíṣà fi ẹ́ńjìnnì Toyota sí i, òun ni òun sì kọ̀ jálẹ̀. N kò bá a jiyàn.