Àwọn agbẹjọ́rò tó bá wa gba owó SSI ọmọ mi

Láti ọmọ ọdún 20 ni àrùn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní schizophrenia ti ń bá ọmọ mi ọkùnrin fínra. Ó ti pé 27 báyìí. Èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ bá a kọ fọ́ọ̀mù SSI, ìyẹn owó tí ìjọba Amẹ́ríkà ń san lóṣooṣù fún aláìlera tí kò lówó lọ́wọ́. Social Security, àjọ ìjọba tó ń bójú tó o, sì kọ̀ ọ́. 60 ọjọ́ la ní láti pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àmọ́ ọjọ́ 41 ti lọ kí n tó rí lẹ́tà náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó gbà pé wọ́n ń ṣọ́ òun ni, ló fi gbé e pamọ́.

Ìyẹn ló gbé wa dé ọ́fíìsì yìí. Wọn ò gba owó iṣẹ́ kankan ṣáájú. Tí ẹ bá borí, ìdá 25 nínú 100 owó ẹ̀yìn, ìyẹn owó àwọn oṣù tó ti kọjá, ni tiwọn; nígbà tiwa, kò gbọ́dọ̀ ju $9,200 lọ.

Ọmọ mi ni obìnrin tó mú fáìlì wa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, torí òun ló máa buwọ́ lùwé. Ìyẹn wú mi lórí. Ó wá kàn mí. Nínú fọ́ọ̀mù tí ará ilé ń kọ, mo ti kọ ọ́ pé ọmọ mi lè dáná. Ó bi mí pé, “Nígbà tó dáná kẹ́yìn, níbo lẹ wà?” Mo ní mo dúró tì í ni. “Kí ló dé?” Mo dákẹ́. Ó ti gbé ìkòkò kaná rí, tí ohùn tó ń gbọ́ pè é jáde, tó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ títí ìkòkò fi jó di èédú. Ojú ló ń tì mí láti kọ ọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kí n sì kọ iye ìgbà tí mo ń rán an létí kó tó wẹ̀. Mo sunkún lórí fóònù, kò kán mi lójú.

Ó tún ní kí n wá ìwé ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà á sí. Tí àìlera bá ti wà kí ọmọ tó pé 22, ó lè gbowó lórí iṣẹ́ tí òbí rẹ̀ ti ṣe, bí òbí bá fẹ̀yìn tì tàbí tó kú. Mo ti pé 61. Ọ̀rọ̀ yẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Ẹ̀bi wọn: ẹ lè pè wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìsí èsì. Wọn ò sì tètè sọ fún mi pé ẹni tó ń gba SSI kò gbọ́dọ̀ ní ju $2,000 nípamọ́; díẹ̀ ló kù kí àbúrò mi fi $3,000 sí àkántì rẹ̀.

Social Security kọ̀ wá lẹ́ẹ̀kejì. Iwájú adájọ́ la ti rí i gbà, ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn sì ni adájọ́ béèrè jù. Èmi ni wọ́n fi ṣe ẹni tí ń gba owó náà fún un. Orúkọ mi ni lẹ́tà wọn ń bá dé báyìí.