Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Clink ní Southwark: Ẹ̀wọ̀n Kan tí Orúkọ Rẹ̀ Di Ti Gbogbo Ẹ̀wọ̀n

Bí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ fi àwàdà sọ pé wọ́n ti ju ẹnì kan sí ẹ̀wọ̀n, yóò ní ó wà ní clink, ìbáà jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ̀wọ̀n náà wà tàbí Manchester, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Èkó ṣe ń fi Kírìkírì dẹ́rù ba ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì kúrò ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀wọ̀n tí ó bí ọ̀rọ̀ náà wà nítòótọ́ ní Southwark, ní gúúsù odò Thames, láti ọdún 1144 títí di ọdún 1780 tí àwọn èrò dáná sun ún nígbà rògbòdìyàn Gordon, tí wọ́n fi tako òfin tí ó fún àwọn Kátólíìkì láyè, tí ẹnikẹ́ni kò sì tún un kọ́ mọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ó wà níbẹ̀ báyìí, ó sì ya ni lẹ́nu pé ará Peckham, tí ó wà ní Southwark kan náà, lè máa ná ọjà Borough lọ́dọọdún láì yà síbẹ̀.

Àgò irin tí wọ́n gbé egungun sí ni ó rọ̀ lókè ẹnu ọ̀nà. Inú ilé náà kò tóbi, kò sì gba àkókò púpọ̀ láti wò ó tán. Wọ́n gba àlejò láàyè láti fọwọ́ kan àwọn irin tí wọ́n kó síbẹ̀, èyí sì wúlò ju àlàyé ara ògiri lọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ orísun orúkọ náà. Àwọn kan ní ìró òòlù alágbẹ̀dẹ tí ń kan ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ẹlẹ́wọ̀n lẹ́sẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní ìró ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni, bí ẹni tí wọ́n dè bá ń wọ́ ọ rìn. Mo gbé ọ̀kan sókè, mo jẹ́ kí irin ba irin: ìró náà kéré, ó mú, ó sì ń tún ara rẹ̀ sọ bí ọwọ́ mi ti ń mì, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn ti ìkejì ni mo dúró sí.

Ohun tí ó tó owó ìwọlé ní tèmi ni ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Bíṣọ́ọ̀bù Winchester ni ó ni àdúgbò náà, ó ni ẹ̀wọ̀n, ó sì tún ń rí owó gbà lára àwọn ilé aṣẹ́wó tí ó fún ní àṣẹ níbẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ni àwọn wọ́dà ń gbà, wọ́n sì ń wá ìyókù lára àwọn tí wọ́n ń ṣọ́: ibùsùn, àbẹ́là, oúnjẹ, títí kan pípààrọ̀ irin wúwo sí èyí tí ó fúyẹ́. Ẹni tí kò bá ní nǹkan kan a máa na ọwọ́ jáde láàárín irin fèrèsé láti tọrọ lọ́wọ́ àwọn tí ń kọjá lójú pópó, bẹ́ẹ̀ gbèsè ni ó gbé ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ka “béèlì, ọ̀fẹ́ ni” lára ògiri àgọ́ ọlọ́pàá rí kò nílò alálàyé.

Ìtàn àlùfáà kan tí ó ń jẹ́ John Greenwood náà kò gbọdọ̀ fo ni. Nítorí pé ó kọ ìjọ ìjọba sílẹ̀ ni wọ́n ṣe tì í mọ́ Clink. Henry Barrowe, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìgbàgbọ́ náà, wá kí i, wọ́n sì mú òun náà níbẹ̀. Ọdún 1593 ni wọ́n so àwọn méjèèjì kọ́.

Àwọn irinṣẹ́ ìdálóró ni àwọn ọmọdé yóò fẹ́ràn jù, àmọ́ a rí irú wọn níbi púpọ̀. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́: ní 2009, ẹgbẹ́ aláàánú kan ṣí ilé oúnjẹ tí ó ń jẹ́ The Clink sínú ẹ̀wọ̀n High Down ní Surrey, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni ó ń se oúnjẹ níbẹ̀, àwọn náà ni ó ń gbé e fún oníbàárà.

Ibùdókọ̀ ojú irin London Bridge ni ó súnmọ́ ọn jù. Àtẹ̀gùn ni a ń gbà sọ̀kalẹ̀ sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, kí ẹni tí orúnkún ń dùn fi sọ́kàn. Bí ẹ bá jáde, ẹ wo àwókù ààfin bíṣọ́ọ̀bù náà ní òpópónà kan náà; ọ̀fẹ́ ni.