Ìwé orin píánò Coleridge-Taylor, àti orin Èkó kan tó wà nínú rẹ̀

Ọdún 1905 ni ilé iṣẹ́ Oliver Ditson ní Boston tẹ Twenty-Four Negro Melodies jáde, ìwé orin píánò tí Samuel Coleridge-Taylor kọ. London ni wọ́n bí Coleridge-Taylor sí, ṣùgbọ́n ọmọ Sierra Leone ni bàbá rẹ̀. Orin Áfíríkà ló ṣíwájú nínú ìwé náà, ti àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ló sì pọ̀ jù. Oloba ló mú mi rà á. Victoria Randle, aya Dókítà John Randle ti Èkó, ló fi orin Yorùbá yìí lé olórin náà lọ́wọ́. Ìyá Victoria yìí sì ni Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Ẹ̀gbádò tí wọ́n mú lọ fún Ọbabìnrin Victoria ní England, tí ìtàn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa.

Lókè orin kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ ohùn orin ìbílẹ̀ náà lásán, láìfi nǹkan kan kún un. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá rà á pé kó kọ́kọ́ fi ẹnu kọ ọ́ kó tó gbé ọwọ́ lé píánò, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ olórin yìí ti ń hàn: kò kàn to kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí a tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) sábẹ́ orin bí a ti ń ṣe sí orin ìsìn, ńṣe ló ń já a sí wẹ́wẹ́, tó ń pa á láró, tó sì tún ń mú un padà wálé. Ó wí fúnra rẹ̀ pé ohun tí àwọn olórin òyìnbó bíi Brahms ṣe fún orin Hungary, tí Grieg sì ṣe fún ti Norway, ni òun gbìyànjú láti ṣe. Ohun kan ṣoṣo tó dùn mí ni pé wọn kò fi àmì ohùn sí Oloba. Fún èdè tó jẹ́ pé ohùn ló ń sọ ìtumọ̀, àdánù ńlá ni.

Deep River, ọ̀kan nínú orin ẹ̀mí àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà, ni mo tẹ̀ jù. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, lórí àwọn kọ́ọ̀dù tó fẹ̀ débi pé mo ní láti máa fà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Láàárín, ó yára, ó sì korò, bí ẹni tí ìdààmú bá. Nígbà tí ohùn àkọ́kọ́ bá wá padà dé, ńṣe ni ara máa ń tù mí. Abájọ tí Maud Powell, obìnrin Amẹ́ríkà tó ń ta gòjé òyìnbó (fáólìnì), fi tún un tò fún gòjé náà.

Kì í ṣe ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì fún bí ọdún mélòó kan lè bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn tó kúrú. Ẹ̀dà àtúntẹ̀ tí mo rà kò dúró ní ṣíṣí lórí píánò, ojú ìwé méjì sì ṣá débi pé mo fi pẹ́ńsùlù tún nóòtì wọn kọ. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí i fún yín kí ẹ tó sanwó.